Okùn Ìbàdí Sabina

"So ó le," ni Bàbá Ikúmápàyí wí, ó tún fa okùn tó wà ní ìbàdí ọmọ ọmọ rẹ̀. "Bí ewúrẹ́ bá já okùn, yóò padà wálé. Omi kì í dá èèyàn padà bẹ́ẹ̀."

Sabina rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó ti le. Àbí ẹ fẹ́ já mi sí méjì ni?"

Etí ọ̀sà Bàrígà ni wọ́n wà, ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ lọ́nà Akọka. Bàbá ni olórí àwọn amòòkùn, ìyẹn àwọn apẹja tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti wọ abẹ́ omi lọ wá ẹni tó bá rì. Bó ti wù kéèyàn mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó, kò ní bá wọn lọ àfi tó bá yege ìdánwò wọn. Wọ́n á ju ìkòkò tó kún fún yanrìn sísàlẹ̀ omi, amòòkùn á lọ wá a nínú òkùnkùn, ẹnì kan á sì di okùn rẹ̀ mú lórí ọkọ̀. Bí okùn bá fà lẹ́ẹ̀kan, kí amòòkùn fà á padà, kó fi hàn pé àlàáfíà lòun wà. Bí ó bá fà léraléra, kó gòkè lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ kọ́ nìṣòro Sabina. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀dọ̀ Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ló ti ń lọ iléèwé, àgídí rẹ̀ sì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kò sóhun tó wù ú bíi kó wọ ẹgbẹ́ Bàbá. Kò sì sóhun tó ń bà á lẹ́rù bí ẹnu Bọ́dúndé, ojúgbà rẹ̀ tóun náà ń múra ìdánwò.

"Tó o bá bọ̀ lọ́wọ́ òfo," ni Bọ́dúndé ti wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, "ṣe ni kó o lọ máa bá àwọn ìyá yan ẹja."

Bàbá di okùn mú lórí ọkọ̀, Sabina sì mòòkùn. Ó ń táràrà nínú ẹrẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ọrùn ìkòkò. Ìgbà yẹn gan-an ni okùn bẹ̀rẹ̀ sí í fà léraléra. Ó rántí ẹ̀rín Bọ́dúndé. Ó tú okùn kó má bàa fà á gòkè kó tó yọ ìkòkò kúrò nínú ẹrẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó sì gòkè tayọ̀tayọ̀.

Kò bá Bàbá lórí ọkọ̀. Bàbá ti fa okùn, kò bá èèyàn ní ìdí rẹ̀, ló bá bẹ́ sómi taṣọtaṣọ. Nígbà tí wọ́n máa fi fà á gòkè, ikọ́ kò jẹ́ kó lè mí. Ó gbá Sabina mọ́ra, kò tètè fi í sílẹ̀.

"Okùn lásán ló bọ̀," ó wí. "Kí ni ǹ bá sọ fún ìyá rẹ?"

"Ṣùgbọ́n mo mú un wá, Bàbá."

"Mo rí i." Ó gba ìkòkò, ó sọ ọ́ padà sómi. "O ò yege."

Sabina di kunkun sí i. Ó ń gbé oúnjẹ fún un láìwojú rẹ̀, Bàbá sì ń jẹ ẹ́, ó ń yin ọbẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Nígbà tó kan Bọ́dúndé láti ṣe ìdánwò, Bàbá na okùn sí Sabina. "Ìwọ ni kó o dì í mú."

Sabina fa okùn, Bọ́dúndé fà á padà. Nígbà tó ṣe, ó tún fà á. Kò sí èsì. Ó fà á léraléra, okùn le gbagidi, kò bọ̀. Àṣé ohun tójú Bàbá rí lọ́jọ́ yẹn nìyí.

"Bàbá, kò dáhùn."

Àwọn amòòkùn bẹ́ sómi. Wọ́n tọ okùn lọ títí wọ́n fi bá Bọ́dúndé, àwọ̀n àlòkù kan ló wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n gbé e gòkè. Ó bi omi, ó sunkún, ó sì yè.

"Ká ní ó tú okùn ni," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "ibo là bá ti wá a nínú ẹrẹ̀ yẹn?"

"Èmi gan-an ni kó lọ yan ẹja," ni Bọ́dúndé wí.

Sabina kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú rí. Ẹ̀rù ló bà mí. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, ọmọ mi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í débẹ̀."

Nígbà tí omi tún rọlẹ̀, Sabina tún ìdánwò rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kan ìkòkò, okùn fà léraléra. Ó dùn ún wọnú eegun, ṣùgbọ́n ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gòkè. Gbogbo etí omi ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kí lo mú bọ̀?" ni Bàbá bi í.

Sabina wo ọwọ́ òfo rẹ̀. "Ara mi ni, Bàbá."

"Ohun tí mo rán ẹ lọ mú náà nìyẹn," ni Bàbá wí, ó sì fi aṣọ bò ó léjìká. "O yege. Ẹni tí kò lè mú ara rẹ̀ bọ̀, kò lè mú ọmọ ọlọ́mọ bọ̀."