Búráúsà Tó Dàrú

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí?"

Bàṣírù ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà tó wà ní igun pálọ̀ ilé wọn ní Lalupon, ó ń gbìyànjú láti ṣí búráúsà tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti ṣí i, ojú ewé tí kò pè á máa yọ lórí ara wọn, àwọn kan ń polówó tẹ́tẹ́, àwọn kan ń polówó oògùn. Kó tó ráyè pa ọ̀kan dé, gbogbo rẹ̀ á kú pi.

Zubaidah, àbúrò rẹ̀ obìnrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Bóyá iná ló bà á jẹ́, Bùrọ̀dá mi," ló wí. "Ṣebí ó ń lọ, ó ń dé lánàá."

Lóòótọ́ ni iná ń lọ tó ń dé. Ṣùgbọ́n Zubaidah mọ̀ pé iná kọ́.

Ìdánwò àṣejáde ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìṣirò sì ń dẹ́rù bà á. Gift, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, ló fi líǹkì kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Gift ní ẹ́sípò ló wà níbẹ̀, ìbéèrè ọdún yìí gan-an pẹ̀lú ìdáhùn wọn, àti pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ló ń ṣí. Nígbà tí Bàṣírù bá bàbá wọn lọ sí oko, Zubaidah tẹ líǹkì náà. Kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún un pé ohun tó fẹ́ gbà wọlé léwu. Ó gbà á wọlé bẹ́ẹ̀. Líǹkì náà tún ní kó pa ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, ó pa á. Kò rí ìbéèrè kankan, búráúsà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.

Kì í ṣe ohun kékeré. Bàṣírù wà ní ọdún àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àrùn tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́ ló ń ṣèwádìí lé lórí. Lọ́dún tó kọjá, ó rìn láti oko dé oko, láti Lalupon títí dé Ìrókò, ó ń ya fọ́tò ewé tó ń ṣàìsàn. Wọ́n ti jí fóònù tó fi yà wọ́n, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni fọ́tò náà kù sí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló sì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Mojí tó ní ilé ìtẹ̀wé lẹ́bàá gáréèjì, tó sì mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe, wá bá wọn wò ó. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá wọn, Sàníù, ó sì jókòó ti iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

"Bàbá, ṣé ẹnikẹ́ni gba nǹkan wọlé sórí rẹ̀?"

"Rárá," ni bàbá dáhùn. "Iná ni wọ́n ló ṣe é."

"Èyí kò jọ ti iná, fáírọ́ọ̀sì ni. Ká ní mo mọ ohun tó gbé e wọlé ni, ǹ bá kàn wá a jáde. Ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó fara pamọ́ sí. Bí mo bá ní kí n kó àwọn fáìlì kúrò, ó lè bá wọn lọ. Ohun tó dá mi lójú ni kí n nu gbogbo rẹ̀ nù."

"Àwọn fọ́tò mi ńkọ́?" ni Bàṣírù béèrè.

"Wọ́n á lọ."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O ò lè lọ ya òmíràn?"

"Ewé ọdún tó kọjá ti jẹrà, Bàbá. Ó di ọdún mìíràn nìyẹn." Bàṣírù fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ nù ún, Àǹtí Mojí. Kí la fẹ́ ṣe?"

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, tẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìdákẹ́ Zubaidah fẹ́ bà jẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà tó dúró sí, ó rí i tí ọwọ́ Mojí ń lọ sórí kọ̀ǹpútà. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ má nù ún. Èmi ni. Iná kọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Láti àná tí mo ti ń wá ohun tó ṣe é," ni Bàṣírù wí jẹ́ẹ́, "o kàn ń wò mí."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Zubaidah ju pàṣán lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ti ibi tó sọ̀rọ̀ dé bẹ̀rẹ̀," ni Mojí wí. "Gbé líǹkì náà wá kí n rí i."

Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Mojí fi wá fáírọ́ọ̀sì náà rí láàrin àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà. Ó yọ ọ́ dànù, ó tan ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà padà, ó sì ní kó yẹ gbogbo ibẹ̀ wò. Ìpolówó kò yọ mọ́, ṣùgbọ́n búráúsà ṣì ń ṣí, ó ń kú.

"Ṣé kí ẹ yọ òun náà ni?" Bàṣírù béèrè.

"Kò ṣeé yọ. Òun àti kọ̀ǹpútà ló jọ wá. Àmọ́ ó ṣeé tún ṣe." Mojí wọ ibi ètò, ó wá orúkọ búráúsà kàn, ó sì tẹ ibi àtúnṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Á lọ gbé tuntun wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, á fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Kò ní fọwọ́ kan fáìlì yín. Zubaidah, tan dátà fóònù rẹ fún mi."

Ìlà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbín. Bàbá ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Zubaidah ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí ìlà náà kún, Bàṣírù ṣí búráúsà. Ojú ewé kan ṣoṣo ló yọ, ó mọ́ tónítóní, kò sì kú. Ó yẹ fọ́tò rẹ̀ wò, gbogbo wọn pé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé orí lé tábìlì bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Alhamdulillah," ni bàbá wí.

Bàṣírù kò dìde níbẹ̀ títí ó fi fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́.

Kí Mojí tó lọ, bàbá pe Zubaidah. "Ẹ̀bi méjì lo jẹ. O fẹ́ jí ohun tí o kò kọ́, o sì fẹ́ kí iná bá ọ ru ú. Fóònù rẹ di ọwọ́ mi títí ìdánwò á fi parí. Ṣùgbọ́n o sọ̀rọ̀ kó tó bọ́ sórí. Ìyẹn ni mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Inú ń bí Bàṣírù fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ló pè é, tó ní kó gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń jókòó ṣe ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́, Zubaidah sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Gift, Gift sì pa líǹkì náà rẹ́ kúrò lórí fóònù tirẹ̀ lójú Zubaidah.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Zubaidah kò gba máàkì tó ga jù nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ó yege, ó sì lè ṣàlàyé gbogbo ohun tó kọ. Ó ti wá yé e pé àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ ṣì ṣeé tún ṣe. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀ ló ń ba ohun ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.