Wọ́n Pe Rẹfirí Lólè ní Okokomaiko

Ẹ má sọ fún mi pé ìjà orí pápá kò kan ẹni tí kì í wo bọ́ọ̀lù. Èmi kì í wò ó. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ló kù díẹ̀ kó sọ mí di opó lọ́dún 1992.

Pánẹ́bítà ni Rájí ọkọ mi, Okokomaiko ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n tó bá di Sọ́ńdè, á wọ ṣòkòtò péńpé dúdú, á fi fèrè kọ́rùn, ó di rẹfirí. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Rónkẹ́, ẹ wo àgbàlagbà tó ń sá tẹ̀lé àwọn ọmọdé kiri!"

"Àjíkẹ́, ìwọ lò ń dájọ́ nínú ilé yìí. Jẹ́ kí n lọ dá tèmi lórí pápá."

Àtàndá, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Iba, lọ wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Ẹgbẹ́ Iba àti ẹgbẹ́ àwọn onísọ̀ Àlàbá ló fẹ́ gbá àṣekágbá, lórí pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Okokomaiko, ọkọ mi sì ni rẹfirí wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, aládùúgbò kan sáré wọlé.

"Ìyá Rónkẹ́, ẹ máa bọ̀ o! Wọ́n ti lu Bàbá Rónkẹ́ bí ẹni lu bàrà!"

Ọsibítù ni mo ti bá a. Ojú rẹ̀ wú, wọ́n ti fi báńdéèjì wé àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ orí, kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni èyí tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Olè tí wọ́n mú ní bọ́sítọ́ọ̀pù nìyẹn."

Olè kẹ̀? Ọkọ tèmi?

Láti ìgbà náà, mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹnì kan bá wá kí wa, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, bóyá ọgbẹ́ wà ní ìka rẹ̀. Ẹni tó bá sunkún jù, mo fura sí i. Ẹni tí kò sunkún rárá, mo fura sí òun náà. Bàbá onílé wa ní "Ẹ pẹ̀lẹ́" lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹni tí mo fura sí jù lọ ni Okwudili, ọmọ Ìgbò kan tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Àlàbá. Ẹgbẹ́ tiwọn ló gba ife ẹ̀yẹ. Ó gbé ọsàn wá, báńdéèjì sì wà ní apá rẹ̀ kan. Mo ní hẹn, apá tó fi lu èèyàn ló kán yẹn!

Àtàndá rọra sọ sí mi létí pé, "Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu ọsàn yẹn o."

Mo ti ọsàn náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá dá mi lẹ́bi, kó dá mi lẹ́bi.

Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́pàá obìnrin kan tó ń jẹ́ Sájẹ́ńtì Fọláyẹmí wọlé. Àwọn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Okwudili náà tún ti dé, ó jókòó sórí àga. Àtàndá dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Ìyá Rónkẹ́, ta lẹ fura sí?"

Mo nàka sí Okwudili. "Ẹ mú ọkùnrin yìí ná! Ohun tó kù, a máa sọ ọ́ ní tẹ́ṣàn."

Sájẹ́ńtì mi orí. "Ẹni tó gba ọkọ yín sílẹ̀ lẹ ní kí n mú yẹn."

Mo yára sọ ọwọ́ tí mo nà kalẹ̀.

"Ọkọ yín fún ẹgbẹ́ Àlàbá ní pẹnárítì, wọ́n sì gbá a wọlé," Sájẹ́ńtì ṣàlàyé. "Làwọn ọmọ Iba bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, 'Olè! Rẹfirí olè!' Wọ́n ń sọ̀kò. Ọkọ yín gbé báàgì rẹ̀, ó sá bọ́ sí títì. Àwọn tó wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù kò mọ̀ pé ẹnì kankan ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin tó gbé báàgì, tó ń sáré, ni wọ́n rí. Èrò ń lé e bọ̀, wọ́n ń pariwo olè. Kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe?"

Mo káwọ́ lérí. Okwudili wá sọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Madam, mo ń pariwo pé, 'Kì í ṣe olè! Kì í ṣe olè!' Ariwo yẹn pọ̀, 'olè' nìkan ni wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Wọ́n bá lu àwa méjèèjì. Ẹnì kan ti yí táyà dé, ẹnì kan ń bèèrè pẹtiróòlù. Ni mo já fèrè tó wà lọ́rùn rẹfirí, mo fọn ọ́n, fííììì! Wọ́n rò pé ọlọ́pàá ti dé. Gbogbo wọn sá lọ."

Táyà! Wọ́n fẹ́ dáná sun ọkọ mi, mo sì ń ṣọ́ ẹni tó gbé ọsàn wá. Mo kúnlẹ̀ níwájú Okwudili, ojú tì mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Ẹ dìde, Madam. Ẹ jẹ́ kó mu ọsàn."

Mo yíjú sí Sájẹ́ńtì. "Ta ló wá jẹ̀bi? Ta ló kọ́kọ́ pe ọkọ mi lólè?"

Ojú fèrèsé ni Sájẹ́ńtì ń wò. Èmi náà wo ibẹ̀. Àtàndá ti sorí kodò.

"Àtàndá!"

"Àǹtí mi, eré ni mo fi ṣe. Ṣebí gbogbo ayé ló máa ń pe rẹfirí lólè? Kóòṣì wa ló sọ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn ará Àlàbá ti fowó ra rẹfirí. Mo kàn kígbe ni. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ará bọ́sítọ́ọ̀pù ló lù wọ́n."

"Àwọn ará bọ́sítọ́ọ̀pù ní olè làwọn gbọ́," Sájẹ́ńtì dá a lóhùn. "Kóòṣì ní òun ò ní kí ẹnikẹ́ni pariwo. Àwọn tó ṣètò ìdíje ní àwọn gbàgbé láti wá tọrọ ọlọ́pàá. Kálukú ń nàka sí ẹnì kejì rẹ̀. Ẹni tó lu èèyàn jẹ̀bi, kódà kó jẹ́ olè gidi ló lù. Ẹni tó parọ́ mọ́ni jẹ̀bi. Ẹni tó ru èrò sókè jẹ̀bi. Ẹni tó kó èrò jọ tí kò wá ààbò fún wọn, òun náà máa dáhùn. Ẹ̀bi yìí kì í dín kù nítorí pé ẹ pín in."

A gbọ́ ohùn kan láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Àárín eyín ló ti ń sọ ọ́.

"Àtàndá. Kí ni mo jí?"

Àtàndá bú sẹ́kún. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ó tún ń ṣe mí bíi kí n gbá a mọ́ra. Mo kàn dúró ni.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló tẹ̀lé Sájẹ́ńtì lọ sí tẹ́ṣàn, ó sọ ohun tó ṣe, ó sọ ohun tí kóòṣì sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ọkọ mi padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò rí mọ́tò kankan tún ṣe. Ta ló fẹ́ gbé mọ́tò rẹ̀ fún olè? Àtàndá bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé rẹfirí ni, kì í ṣe olè, irọ́ lòun pa. Ó ṣàlàyé títí ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Ó sọ ọ́ tán, bàbá kan kanrí, wọ́n ní:

"A ti gbọ́, ọmọ mi. Ṣé wọ́n wá rí ẹrù náà gbà padà?"

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Iba àti Okokomaiko, nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ìdájọ́ rẹfirí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé ẹ̀sùn lọ bá àwọn tó ṣètò ìdíje, ẹ má pè é lólè. Ẹ̀yin tó ń ṣètò, ẹ tọrọ ọlọ́pàá kí ọjọ́ tó kò, kí ẹ sì wá ọ̀nà tí rẹfirí máa gbà jáde láìfara pa. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ ṣọ́ ẹnu yín lójú àwọn ọmọ. Bí ọlọ́pàá bá sì bi yín, ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ. Ohun tí ẹ fura sí lè sọ olóore yín di ọ̀daràn, ẹ bi èmi Àjíkẹ́ wò.

Ẹ̀yin tó wà létí títì, bí ẹ bá gbọ́ "Olè!", ẹ dúró ná. Bó jẹ́ olè lóòótọ́, tẹ́ṣàn ni kí ẹ mú un lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló jí. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo bi ọkọ mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì ní kó tú báàgì rẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì àti bọ́ọ̀lù nìkan ni wọn ì bá bá níbẹ̀.