Ibi Tí Ohùn Àǹtí Tempie Lè Dé

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹni tó ní abẹ̀bẹ̀ máa fẹ́ ẹni tí kò ní, kí ẹni tó ń pa ẹ̀pà sísè jẹ rọra máa pa á, torí orin wà nínú ìtàn yìí, mi ò sì fẹ́ kí ariwo èèpo ẹ̀pà bo orin mi mọ́lẹ̀.

Ní Tallow Creek, ìlú wa, lọ́dún tí òjò pọ̀ débi pé ẹ̀pà hù mọ́lẹ̀ kí a tó wú u, ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú abọ́ páì ọ̀dùnkún lọ́wọ́. Verdell Mims lorúkọ rẹ̀, ọmọ Díákónì Lucious. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí ìyá rẹ̀ wọ̀ kó tó kú. Ìyẹ̀fun wà ní imú rẹ̀, kò sì mọ̀.

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń kọrin. Kò sí dùùrù. A ó jókòó yíká ní igun mẹ́rin, a ó kọjú síra wa, ohùn òkè níhìn-ín, ohùn ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹni tó ń darí á dúró láàárín. Ẹnì kan á fi ohùn lélẹ̀ látinú orí ara rẹ̀, a ó kọ́kọ́ pe àmì ohùn, fá, só, lá, ká tó kọ ọ̀rọ̀. Ibi tí ẹni náà bá fi ohùn sí, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ. Orin tó bá sì ti gbéra, a kì í dá a dúró, ìbáà dùn, ìbáà korò.

Ogójì ọdún ni Díákónì Lucious ti ń fi ohùn lélẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó wo apá ọ̀tún rẹ̀, kò rí Verdell. Ó wúkọ́. Ó wo ìjókòó àwọn àlejò, ó rí ọmọkùnrin kan tó fẹ̀ léjìká.

"Ìwọ tó ti Hickory Fork wá. Kí lorúkọ ẹ?"

"Otha Pruitt, sà. Mo ń ṣiṣẹ́ níbi ìlagi."

"Otha, bá wa fi ohùn lélẹ̀. Ọlá àlejò ni."

Otha dìde, ó ya ẹnu. Ìgbà yẹn gan-an ló rí Verdell lẹ́nu ọ̀nà. Háà! Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ga ju igi páìnì lọ. Àwọn ọkùnrin na ọrùn títí. Níbi ìjókòó ohùn òkè, obìnrin kan dákẹ́, èkejì dákẹ́. Àǹtí Tempie, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ya ẹnu bí ẹja, nǹkan kan ò jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń kọ ọ́, láti ẹnu ọ̀nà, abọ́ páì lọ́wọ́:

*Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi ò ní yẹ̀,*
*Odò kún, mo ti rí afárá;*
*Ẹ má di ẹ̀wù mi mú, ará ilé,*
*Ẹni tó pè mí ń dúró lókè.*

Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ dé òpin.

Nígbà tí a jáde síbi oúnjẹ lábẹ́ igi, ó lọ bá Otha tààrà.

"Ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ kó bá yín kọ ọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí. Ohùn mi jókòó jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo rí yín ló gun òrùlé."

"Ẹ̀yin ọmọ Hickory Fork, irọ́ yín pọ̀."

"Ìyẹ̀fun wà ní imú yín."

Verdell yára fọwọ́ nù ún. "Ó ti lọ?"

"Rárá. Ẹ kúkú fi sílẹ̀, ó yẹ yín."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Otha ń rin máìlì mẹ́jọ wá, tí bàtà rẹ̀ á pọ́n fún eruku amọ̀. Wọ́n á jókòó létí odò, wọ́n á jẹ èso píìṣì, omi rẹ̀ á máa ṣàn dé ìgúnpá wọn. Ẹ̀yin èwe, ìfẹ́ ń dùn bí píìṣì oṣù kẹfà, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́.

Lọ́jọ́ kan, Verdell nu ọwọ́ rẹ̀ sára koríko.

"Otha, kí eré yìí tó jìn, gbọ́ tèmi. Lẹ́tà ti dé láti Nashville. Wọ́n ti gbà mí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́ta ni. Ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ ni mò ń lọ."

Otha gbé píìṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "O ń lọ."

"Mò ń lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni ìyá mi kú sí, torí ilé ìwòsàn tó ń gba aláwọ̀ dúdú bíi tiwa jìn tó ogójì máìlì. Mo di orí rẹ̀ mú, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n."

"Ṣé Díákónì gbọ́?"

"Wọ́n ní àwọn ò gbọ́." Ó sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ní oṣù keje, Verdell ń fọ ẹ̀fọ́ nínú ilé ìdáná nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti iwájú ilé. Díákónì ti pe Otha jókòó.

"Ogójì éékà ilẹ̀ mi wà létí odò yẹn. Ẹ ṣègbéyàwó kí oṣù kẹjọ tó parí, ilẹ̀ di tìẹ. Níbi tó lóun ń lọ yẹn, wọn kì í gba abilékọ."

Verdell di ẹ̀fọ́ mú, omi ń kán sílẹ̀. Ó ń retí. Bàbá Otha lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí oko olóko. Ibi tí wọ́n sin ín sí gan-an, ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó, sà," ni Otha wí.

Verdell ju ẹ̀fọ́ náà padà sínú abọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ rìn dé ibi ìlagi, ó dúró níwájú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́.

"O fẹ́ lọ rò ó! Kí ló wà níbẹ̀ tó o fẹ́ rò? Ṣé ewúrẹ́ ni mí tí wọ́n á so mọ́ ilẹ̀ fún ẹ?"

"Verdell, ogójì éékà! Bí mo bá ní ojú mi ò wọ̀ ọ́, irọ́ ni mo pa."

"Kí ló wá dé tó o ò tíì lọ gbìn ín?"

"Torí pé mo ti rò ó tán. Mo ti lọ bá Díákónì láàárọ̀ yìí. Mo ní mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n máa fi ṣe okùn tí wọ́n á fi dè é. Wọ́n ní kí n má tẹ iwájú ilé wọn mọ́."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Verdell ti tò sẹ́nu tú ká. Ó jókòó lórí gẹdú kan, ó bú sẹ́kún.

"Kì í ṣe ilẹ̀ ló dè mí, Otha. Etí Bàbá ti ń di. Ọdún mẹ́ta rè é. Èmi ni mò ń dúró lápá ọ̀tún wọn, mo máa ń rọra kun ohùn náà sí wọn létí, wọn á wá gbé e. Lọ́jọ́ tó o ṣi orin, mo pẹ́ nídìí páì, wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n bá pè ẹ́. Bí mo bá lọ, ojú á tì wọ́n láàárín ìjọ."

Otha nu ìyẹ̀fun igi kúrò lójú. "Kọ́ mi."

"Ìwọ? Ìwọ tó o fẹ́ pa Àǹtí Tempie lóṣù karùn-ún?"

"Èmi náà ni. Kọ́ mi."

Níbo ni wọ́n tún lè lọ, bí kò ṣe ilé Àǹtí Tempie fúnra rẹ̀? Obìnrin náà jókòó lórí àga rẹ̀ tó ń mì, ó ń pa ẹ̀wà tútù, ó ń gbọ́ wọn. Otha á fi ohùn lélẹ̀, Àǹtí Tempie á mi orí.

"Ó ga jù! Ṣé o ti wá parí iṣẹ́ tó o bẹ̀rẹ̀ ni?"

Otha á tún un ṣe.

"Ó rẹlẹ̀ jù! Òkú lò ń kọ ọ́ fún?"

Verdell rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ lé àyà Otha. "Má fi í síbi tó dùn mọ́ ẹ lọ́fun. Fi í síbi tí ohùn Àǹtí Tempie lè dé. Bí ẹni tó dàgbà jù bá lè dé ibẹ̀, gbogbo ilé á dé ibẹ̀."

"Ṣé Àǹtí ò ní bi wá ìdí tá a fi ń ṣe èyí?" ni Otha rọra bi í.

Àǹtí Tempie sọ èèpo ẹ̀wà lù ú. "Etí Lucious ló di, tèmi kọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rí i tó ń wo ẹnu ọmọ ẹ̀ kó tó ya tiẹ̀. Ẹ máa kọrin, jàre."

Wọ́n kọrin láti oṣù keje wọ oṣù kẹjọ. Ọfun Otha há, ó tún là. Kò jáwọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn pé. Ní tiwa, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò ló ń dúró láàárín darí orin kan kó tó lọ. Verdell dìde, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé náà, ó rìn lọ sáàárín. Ó rí bí bàbá rẹ̀ ṣe wo apá ọ̀tún tí kò rí ẹnì kan.

Gbogbo ilé ń wo Díákónì. Abẹ̀bẹ̀ gan-an dúró.

Otha kúrò níbi ohùn ìsàlẹ̀, ó gba iwájú gbogbo ìjọ kọjá, ó lọ jókòó lápá ọ̀tún Díákónì. Ó tẹ orí ba, ó rọra kùn. Ojú Díákónì le bí òkúta. Ó ti yé e pé àṣírí rẹ̀ ti dé ọwọ́ ọmọkùnrin tó lé kúrò nílé. Ó wo Otha. Ó wo ọmọ rẹ̀ láàárín, tí kò gbé ojú sílẹ̀, tí kò sunkún, tó na ọwọ́ sókè, tó ń dúró.

Díákónì fi àtẹ́lẹwọ́ ká etí rẹ̀.

"Tún un sọ," ló wí.

Otha tún un kùn. Díákónì ya ẹnu, ó gbé ohùn náà sílẹ̀ síbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́, ọwọ́ Verdell sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ilẹ̀ pátákó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àǹtí Tempie kọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀, ọwọ́ lókè: *Ẹ má di ẹ̀wù mi mú, ará ilé.* Ní orí ìlà yẹn, Verdell wo bàbá rẹ̀, bàbá náà sì wò ó, ó ń kọ ọ́ sí i lójú.

Lábẹ́ igi, Verdell gbé páálí bàtà tó fẹ́ fi di oúnjẹ ọ̀nà, torí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, wọn kì í ta oúnjẹ fún wa. Kó tó nawọ́, bàbá rẹ̀ ti gba páálí náà. Ó fi itan adìẹ díndín sí i. Ó fi búrẹ́dì àgbàdo sí i. Ó wò ó, ó tún fi itan kejì kún un.

"Nashville jìn," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Verdell dì mọ́ ọn, orí rẹ̀ sì wọ abẹ́ àgbọ̀n bàbá rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kékeré.

Lẹ́yìn ilé ṣọ́ọ̀ṣì, Otha àti Verdell dúró láàárín àwọn igi páìnì.

"Mi ò ní ní kó o dúró."

"Mo mọ̀."

"Mi ò sì ní fi í pa mọ́ pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ."

"Ìyẹn náà mo mọ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu ẹ ju orin lọ." Ó fi ìwé orin ìyá rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ìwé tí etí rẹ̀ ti já. "Máa fi í kọrin lápá ọ̀tún Bàbá. Lọ́jọ́ tí mo bá parí ẹ̀kọ́, gbé e wá fún mi ní Nashville. Kó o wọ kóòtù. Ọjọ́ yẹn la máa ṣègbéyàwó."

"Ọjọ́ yẹn gan-an?"

"Kí n tó bọ́ fìlà nọ́ọ̀sì gan-an."

Ẹ má bi mí bóyá ó gbé e lọ. Ó gbé e lọ, ó sì wọ kóòtù. Apá kóòtù ọ̀hún kúrú, kò sẹ́ni tó wò ó.

Ní ti ọjọ́ náà, a jẹ títí àwo fi mọ́ bí ẹni pé a ti fọ̀ ọ́. Àǹtí Tempie di egungun fún ajá rẹ̀, ó sì di kéèkì fún ara rẹ̀ sábẹ́ egungun. A túká pẹ̀lú ikùn kíkún àti ọfun híha, kò sẹ́ni tó lọ sílé lófo. Díákónì Lucious náà ń lọ sílé jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà amọ̀ pupa, Verdell lápá òsì rẹ̀ pẹ̀lú páálí bàtà, Otha lápá ọ̀tún.