Ìbejì Nínú Jẹ́sì Kan

Ọjọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kọ́kọ́ borí nínú ìdíje bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn, orí àga gígùn létí pápá ni mo wà, tí mò ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀, tí mò ń kọrin:

Ọmọ mi sáré, ilẹ̀ ń mì,
Ọmọ mi sáré, ilẹ̀ ń mì,
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láyà, ẹ lé e wò.

Bàbá amùlé, ìyẹn ọmọ tó ń ṣọ́ ẹnu góòlù wa, jókòó tì mí, ó ní kí n rọra, kí ohùn mi má lọ ya. Mo ní kó ya, mo ní òmíràn nílé.

Ọmọ-ọmọ mi ni mò ń kọrin fún. Ìbejì ni òun àti àbúrò rẹ̀, èmi ni mo tọ́ wọn. Nígbà tí ìyá wọn kú, apá mi ò ká ilé ìwé ẹni méjì mọ́, ni àbúrò bá ní kí ẹ̀gbọ́n máa lọ, òun á kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, àwọn tó ń fi iná jó irin pọ̀. Báyìí ni àdúgbò ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ní Oníwèé, tí wọ́n ń pe àbúrò ní Oníná. Ojú kan náà, ìrìn kan náà, àní ẹ̀rín kan náà. Èmi tí mo wẹ̀ wọ́n dàgbà, tí wọ́n bá ti jìnnà sí mi díẹ̀, mi ò mọ èwo ni èwo.

Ohun kan ń ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Tí ìdajì àkọ́kọ́ bá parí, àwọn yòókù á máa mí hẹlẹhẹlẹ, àmọ́ Oníwèé á wọ ilé ìtọ̀ tó wà lẹ́yìn pápá, á sì jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kóòṣì ní ẹ̀dọ̀fóró mẹ́rin ló wà nínú ọmọ náà. Bàbá amùlé bi mí pé kí ni mò ń sè fún un. Mo ní omi gbígbóná ni. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Omi kọ́ o. Inú ilé ìtọ̀ yẹn ni Oníná máa ń dúró sí. Yóò gba jẹ́sì tí òógùn ti rin gbingbin lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò wọ̀ ọ́, yóò sì sáré jáde. Àwọn méjèèjì ló ń wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn sábẹ́ jẹ́sì, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àpá iná lápá Oníná. Oníwèé ló dábàá rẹ̀. Ó ń dùn ún pé òun nìkan ló ń lọ sílé ìwé, ó wá ní tí òun ò bá lè pín kíláàsì fún àbúrò òun, òun á pín bọ́ọ̀lù. Gbogbo èyí, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó gbọ́ ọ. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ẹ má tètè bú u. Àmọ́ orúkọ ẹnì kan ló wà lọ́wọ́ rẹfirí. Bí èèyàn bá fi aṣọ àlà di èrú, èrú náà ni.

Wọ́n borí, wọ́n tún borí, títí wọ́n fi dé àṣekágbá.

Lọ́jọ́ náà, góòlù kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ méjèèjì ní. Oníná ló wà lórí pápá nígbà tí géńdé kan nínú ẹgbẹ́ kejì já lu orúnkún rẹ̀. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó tiro lọ sí ilé ìtọ̀, ó ní òun fẹ́ bu omi sí i. Bí Oníwèé ṣe rí orúnkún náà, ó ní òun ń lọ pe dókítà tó wà létí pápá. Oníná di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tí wọ́n bá rí àwa méjì, wọ́n á lé ẹ kúrò níléèwé. Kí ni mo wá fi tèmi sílẹ̀ fún? Wọ jẹ́sì."

"Ẹsẹ̀ ẹ ń wú."

"Á dúró dè ẹ́. Lọ parí ẹ̀, kó o padà wá."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Oníwèé mọ òwe yẹn, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Ó wọ jẹ́sì.

Nígbà tí a rí i tó ń sáré bọ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ariwo ta. Ẹni tó ń tiro lẹ́ẹ̀kan! Bàbá amùlé ní iṣẹ́ ìyanu ni. Mo dìde, mo dá orin, gbogbo pápá ń gbè é:

Ó ṣubú, ó tún dìde o,
Ayọ̀ mi dé,
Ẹsẹ̀ tó ń ro ó ti gbàgbé ìrora,
Ayọ̀ mi dé.

Òun náà ló gbá góòlù tó fún wa ní ife. Wọ́n gbé e sórí èjìká, wọ́n gbé e yí ìlú ká. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, wọ́n rò pé ojú ló ń tì í. Ní gbogbo àkókò yẹn, Oníná wà lórí símẹ́ńtì ilé ìtọ̀. Nígbà tí ìrora pọ̀ jù ú lọ, ó pariwo pé kí wọ́n gba òun. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń gbọ́ ohùn mi ketekete. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tiẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Oníwèé pọ̀n ọ́n wálé. Wọ́n ní ó já láti orí àkàbà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Mo fi òróró pa á, mo ní yóò san. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹsẹ̀ náà ti tutù bí irin, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ní ọsibítù, obìnrin dókítà bi wọ́n pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀. Oníwèé wolẹ̀, ó ní àná ni, ní pápá. Obìnrin náà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ti já láti ìgbà yẹn. Ó ní, "Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni." Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ mi lókè orúnkún.

Lọ́jọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ gbé ife han gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, Oníwèé jáde síwájú, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ọ̀gá àgbà dá ife padà, ó sì ní kí Oníwèé lọ jókòó sílé fún ọdún kan. Amùlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà, kò lù ú. Ó kàn sọ fún un pé, "O jí iṣẹ́ ọwọ́ mi, gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo mú," ó sì kọjá lọ.

Oníwèé wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rò pé ara yóò tù ú tó bá gbọ́ pé irọ́ ti tán nílẹ̀. Oníná kọjú sí ògiri.

"Ẹsẹ̀ mi lọ. Ife tí mo fi rà náà tún lọ. Kí ló wá kù fún mi, ẹ̀gbọ́n mi?"

Oníwèé jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ tún aṣọ ìbora ṣe níbi tí ẹsẹ̀ ò sí.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí yín lórí pápá. Ẹ máa sáré, ẹ máa gbá a. Àmọ́ oore tó bá ń sá fún ojú èèyàn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ṣe é. Tí ẹnì kan nínú yín bá sì fara pa, ẹ pariwo, ẹ má tíì ro ìyà tó máa tẹ̀lé e. Ìyà tí ilé ìwé fi jẹ Oníwèé, ọdún kan ló gbà. Ẹsẹ̀ kì í hù padà.