Ohun tí Mo Dé Mọ́ Abẹ́ Wúrà

Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lọ́sàn-án gangan, bí èmi àti ìyàwó mi ṣe ń jẹun. Kó, kó, kó. Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan níta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde.

"Bàbá Alágídí, etí yín ti ń darúgbó," ni ìyàwó mi wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe pa ẹnu dé, kíkàn náà tún dún. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ti ń wá.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa rọ ìbòrí wúrà tí wọ́n ń dé lé eyín tó bàjẹ́. Dókítà eyín ni yóò kọ́kọ́ rẹ́ eyín náà yíká, tí yóò ha gbogbo dúdú inú rẹ̀ títí yóò fi mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìda tẹ àwòṣe rẹ̀, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tó sọ bí mo ṣe máa ṣe é. Mi ò mọ̀wé nígbà náà. Ìyàwó mi ló máa ń kà á fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan eyín tirẹ̀, tó ní kí n mú ìwé wá, mo ní, "Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kí ló máa wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀?" Mo ki ìwé bọ àpò. Olùkọ́ orin ni ìyàwó mi, ó ń kánjú àtipadà sí kíláàsì rẹ̀. Mo rọ ìbòrí náà, mo sì fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Bí tirẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà lábẹ́ wúrà ń kọ àwọn orin rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìṣì ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó di Sátidé, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé, mo sì gbọ́ ohùn ìyàwó mi:

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Mo mú un sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ dé e?" Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi bi mí. "Àbí ẹ ò ka ìwé mi ni?"

Mo fọwọ́ kan àpò mi.

Ó yọ ìbòrí náà. Kò sí kùkùté eyín kankan níbẹ̀. Ihò dúdú ni, atẹ́gùn tútù kan sì jáde láti inú rẹ̀, ó kọjá lára ọwọ́ mi. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí fúnra rẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn ìyàwó mi kí àwọn tó ń dúró de dókítà: "Ẹ kú ìjókòó o." Wọ́n dá a lóhùn. Ó kọrin sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ìyàwó mi jókòó síwájú mi lórí àga, ó la ẹnu, nǹkan kan ò jáde.

Bébà ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Mo ti pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta kí n tó jókòó kọ́ a, b, d. Ìwé tó wà lápò mi ni mo kọ́kọ́ kà: "Dúdú ṣì kù nínú rẹ̀. Ẹ má tíì dé e." Lẹ́yìn náà ni mo ka èyí tí ìyàwó mi kọ: "Ta ni ẹ tì mọ́ mi lẹ́nu?"

Ohun tí ìyàwó mi pàdánù nìyí: eyín kan. Ohùn kan. Orin mẹ́tàlélógójì tí òun nìkan mọ̀.