Ẹni Tó Ń Jẹ́ Ìpè Fún Mi Lójú Òkun

Ẹni tó bá fẹ́ lè rẹ́rìn-ín. Èmi ò mutí lọ́jọ́ náà, ibà ò sì mú mi. Ọ̀sán gangan ni, ojú mi méjèèjì ló ṣe.

Málọmọ́ ni wọ́n sọ mí, nítorí àwọn tí ìyá mi, Àpọ̀kẹ́, bí ṣáájú mi ò dúró. Ní abúlé wa lẹ́bàá Atakpamé, ẹni bíi tèmi kì í jẹ́ ìpè tí kò bá rí ojú ẹni tó pè é. Ẹlòmíràn ní ń bá a jẹ́ ẹ. "Ó ti lọ oko," ni yóò wí. Ohun tó ń pè náà á sì yà lọ. Bí mo ti dàgbà tó, tí mo ń pẹja lórí adágún Nangbéto, ìyá mi ò jẹ́ kí n dá wà nínú ọkọ̀ rí.

Elvis, ọmọ àbúrò ìyá mi, ló bá mi wá iṣẹ́ ọkọ̀ onígbòkun. Fòfó ni mo ń pè é, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ wa. Mùsíé Didier, òyìnbó kan, fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ láti Lomé lọ sí erékùṣù Sao Tome, ó sì ń wá ẹni méjì tí yóò bá a tù ú. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, ìyá mi di Elvis lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Elvis, ìwọ ni wàá máa jẹ́ ẹ fún un o. Bá mi mú un padà wálé."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Iṣẹ́ ọkọ̀ náà ò le. À ń gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ ara wa. À ń se ìrẹsì, à ń gbọ́n omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dà nù, à ń ta ìgbòkun, à ń ká a. Elvis ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé apẹja adágún ò mọ omi iyọ̀. Mo rò pé ayé ti yẹ mí.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ kú. Ẹ́ńjìnnì náà kọ̀, kò dún mọ́. Kùrukùru ọyẹ́ bo òkun, ó funfun bí omi ògì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ò rí iwájú rẹ̀. Omi ò mì. Mo ń gbọ́ bí Mùsíé Didier ti ń gbé itọ́ mì.

"Málọmọ́, máa bọ̀."

Ohùn ọmọdé ni, ohùn pẹ̀lẹ́, lédè abúlé wa, bí ọmọ tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde wá ṣeré. Orí omi ló ti wá. Elvis gbójú sókè.

"Ó ti lọ oko," ló wí.

Gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. Mùsíé Didier ò gbọ́ ohùn kankan. Ó béèrè ẹni tí Elvis ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún pè. Ó ti sún mọ́ wa. Elvis tún bá mi jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n omi mímu ti ń tán lọ, afẹ́fẹ́ ò dé, Elvis ò sì wojú mi mọ́ tí a bá ń jẹun.

"Fòfó, kí ló dé?"

"Kò sí."

"Ṣé ẹ ò ní..."

"Mo ní kò sí."

Nígbà tó tún dé, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gan-an ló wà. Mo gbọ́ èékánná tó ń họ ara ọkọ̀ nísàlẹ̀ ibi tí mo jókòó sí.

"Málọmọ́ dà?"

Mo wo Elvis. Ó ń wo kẹ́ẹ̀gì omi tó ti gbẹ.

"Òun nìyí," ló wí.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọkọ̀ fì díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Mo kà wá. Àwa mẹ́ta la ṣì wà níbẹ̀. Kíá, afẹ́fẹ́ dé, ìgbòkun kún. Mùsíé Didier ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi ń sunkún, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

"Fòfó, ẹ tà mí."

Láti ìgbà náà, kò pe orúkọ mi mọ́.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Sao Tome, mo yá fóònù Mùsíé Didier, mo pe ìyá mi.

"Màmá, èmi ni. Málọmọ́."

Mo ń gbọ́ ṣíbí lára àwo lẹ́yìn wọn.

"Málọmọ́ wà níwájú mi, ó ń jẹun. Àná ló dé. Ẹ̀yin ta nìyẹn?"

Ìyá tó bí mi ló ń pè mí ní ẹ̀yin, bí àlejò. Mo na fóònù sí Elvis.

"Fòfó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn."

Ó gbà á. Ó tẹ́tí. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ má dá a lóhùn."

Ó fi fóònù lé Mùsíé Didier lọ́wọ́, kò fún mi.

Èbúté náà ni mo ṣì wà, mo ń tún àwọ̀n ṣe fún àwọn tí kò gbọ́ èdè mi. Mo ti dìde láti lọ sílé rí, mo tún jókòó. Kí ni mo fẹ́ wí lẹ́nu ilẹ̀kùn? Lọ́dún tó kọjá, atukọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Anié, ìlú tó wà nítòsí abúlé wa, gba ibẹ̀ kọjá. Mo béèrè àwọn ará ilé mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Málọmọ́ ti gbéyàwó, ara ìyá rẹ̀ sì yá gágá.