Ẹni Tó Sùn Sórí Fúláwà

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, ibà ò sì ṣe mí. Ojú mi méjèèjì ló rí i, lọ́sàn-án gangan, ní sítọ́ọ̀ fúláwà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìpọ̀nrí lọ́dún 1974.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá kòkòrò wà nínú fúláwà nìyí: a ó da díẹ̀ sórí pákó kan tó fẹ̀ tó ẹní, a ó tẹ́ ẹ kó dán. Tó bá di ọjọ́ kejì tí ojú ẹ̀ rí jágajàga, kòkòrò tí ojú ò lè rí ti rìn níbẹ̀.

Wọ́n rìn títí lọ́dún yẹn. Ni ọkùnrin ìjọba kan bá gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wá. Ó ní oríṣi méjì ni. Àwọn funfun tó ń wọ́ nílẹ̀ ń jẹ fúláwà. Àwọn pupa tó yára ń jẹ àwọn funfun.

"Ẹ má fín oògùn o. Ọdẹ yín nìyẹn."

Inú Mísítà Ambrose, mánéjà wa, dùn. Ọdẹ tí kì í gbowó oṣù, ta ló máa kọ̀ ọ́?

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pákó dán. Eku ò dún mọ́ lẹ́yìn àpò. Ọmọńlé ò sí lára ògiri. Sítọ́ọ̀ dákẹ́. Ó dákẹ́ jù.

Mo bi mánéjà pé, "Sà, kí làwọn ọdẹ wá ń jẹ báyìí?"

"Ògúntádé, ṣé ìwọ lo máa se oúnjẹ fún wọn ni?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, a ṣílẹ̀kùn, a rí ojú ibi tí èèyàn sùn sí lórí pákó: orí, èjìká, gìgísẹ̀. Kò sí ipasẹ̀ tó wọlé. Kò sí èyí tó jáde.

Mánéjà yíjú sí Bàbá Sàlíhù, tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. "Ìwọ lò ń sùn sórí fúláwà mi. Wàá fiṣẹ́ sílẹ̀."

Ẹni ọgọ́ta ọdún ló ń pè ní "ìwọ". Mi ò rí bàbá yìí kí wọ́n fìdí kan àpò rí.

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò ná, sà."

Mo tẹ́ fúláwà náà kó dán. Mánéjà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí bàtà ẹ̀ má baà bà jẹ́. Ó tilẹ̀kùn, ó ki kọ́kọ́rọ́ sápò. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta fún wákàtí kan. A ò gbọ́ nǹkan kan, àfi ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan, bí ìgbà tí wọ́n ń sẹ́ gàrí.

Ó ṣílẹ̀kùn.

Ẹnì kan ti sùn síbẹ̀. Bàbá Sàlíhù ga, wọ́n tín-ín-rín. Ẹni tó sùn yìí kúrú, ó fẹ̀ láàárín, èjìká òsì ẹ̀ rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Mi ò wo èjìká mánéjà. Mo ti mọ̀ ọ́n.

"Gbá a," ó ní.

Bàbá na ìgbálẹ̀ sí i. "Ẹ gbà, sà. Ẹni tó bá sùn ló ń ká ẹní ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́tà tó lé Bàbá Sàlíhù kúrò níṣẹ́ ti wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì mánéjà. Ọdún mọ́kànlá, ìlà mẹ́ta péré: ó sùn sórí ọjà ilé iṣẹ́. Mo sọ ọ́ lójú mánéjà pé irọ́ ni, inú sì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ó ń họ ọrùn. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ó dìde, ó lọ ti fèrèsé.

Kóòtù tuntun ló wọ̀ wá láti ilé. Kò tíì dé sítọ́ọ̀ láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀yìn kóòtù náà funfun báláú fún fúláwà, láti ọrùn dé ìdí.